Ife omidùn kan láràárọ̀: ṣé òun ló ń gbé àgbà dúró?

“Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Òkè-Baálẹ̀ níbí ní Òṣogbo ni mo ti ń kọ̀wé. Ìyá mi pé ẹni ọdún 72 lọ́dún yìí. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, wọ́n sì ní àtọ̀gbẹ, wọ́n ń lo òògùn fún méjèèjì. Ní bí oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, ẹnì kan fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí wọn lórí WhatsApp pé òyìnbó kan gba ẹ̀bùn Nobel nítorí ó rí i pé ohun mímu kíkan ló ń mú kí ènìyàn pẹ́ láyé. Láti ìgbà náà, ife omidùn kan ni wọ́n fi ń ṣínu láràárọ̀, kúnú lọ́sàn-án, tó bá sì di ìrọ̀lẹ́ Sátidé, wọn a mu ẹmu díẹ̀, wọ́n ní nítorí ojú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mo bá egbò igi nínú ìgò omidùn náà, wọ́n sì sọ fún mi pé àwọn fẹ́ dín òògùn ilé ìwòsàn kù. Ṣé kí n gba ife náà lọ́wọ́ wọn ni, àbí kí n fi wọ́n sílẹ̀?”

Ọmọ mi, o ṣeun tí o kọ̀wé. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, mo sì rí i pé kì í ṣe omidùn gan-an ló ń já ọ láyà. Gbólóhùn tó kẹ́yìn yẹn ni, pé ìyá rẹ fẹ́ dín òògùn kù. Ó já èmi náà láyà, nítorí náà ibẹ̀ ni mo ti máa bẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun mímu kíkan kankan, ìbáà ṣe tiwa, ìbáà ṣe ti òyìnbó, tó lè dípò òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí òògùn àtọ̀gbẹ. Ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dunni. Ìyá rẹ lè jí láàárọ̀ kí ara wọn yá gágá, kí wọ́n máa kọrin bí wọ́n ṣe ń gbálẹ̀, kí ìfúnpá wọn sì ti gòkè dé ibi tó lè fa rọpárọsẹ̀. Bí ara ṣe fúyẹ́ lẹ́yìn oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń mu omidùn kò sọ nǹkan kan fún wa nípa ohun tó ń lọ nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn; ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ìfúnpá ló lè sọ ọ́. Sọ èyí fún wọn lónìí. Ìyókù ọ̀rọ̀ wa, a lè fara balẹ̀ sọ ọ́.

Mo mọ omidùn dáadáa. Kí n tó lọ kọ́ ìmọ̀ oúnjẹ, kí n tó lo ọgbọ̀n ọdún ní wọ́ọ̀dù níbi tí mo ti ń bá àwọn aláìsàn jíròrò ohun tí wọ́n máa jẹ, ògì ni ìyá mi fi tọ́ wa. Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun là ń gbé, Ọjà Ọba ni wọ́n ti ń tà. Bí a bá rẹ àgbàdo lọ́jọ́ Ajé, ó di Ọjọ́bọ̀ kí a tó gbé e lọ sí ẹ̀rọ. Lálẹ́, a ó ta aṣọ asẹ́ mọ́ ẹnu ìkòkò. Èmi ni mo máa ń bu omi sí i, ẹ̀gbọ́n mi a máa fi ọwọ́ rò ó yíká, omi funfun a máa já wálẹ̀ bíi wàrà, èérí a ṣẹ́kù sínú aṣọ fún ewúrẹ́. Bí ilẹ̀ bá fi máa mọ́, ògì ti rọlẹ̀ sí ìdí ìkòkò, omi tó lé sókè, ìyẹn omidùn, ti tòrò, ó pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ bí ìgbà tí èèyàn fi omi ṣan ìyeyè, ìfófòó wínníwínní sì wà létí ìkòkò. Ìyá mi a ki ìka kan bọ̀ ọ́, wọn a fi kan ahọ́n. Wọn kì í sọ ju “Ó ti kan” tàbí “Kò tíì kan” lọ. Èyí tí kò bá tíì kan, wọn kì í jẹ́ kí ọmọ tàbí àgbà fẹnu kàn án. Ó pẹ́ kí n tó mọ ìdí rẹ̀ nílé ìwé.

Ohun tó ń mú ògì kan ni àwọn kòkòrò àìfojúrí tó wà lára àgbàdo fúnra rẹ̀, tó wà lára ìkòkò, tó sì wà nínú omi ògì àná tí àwọn ìyá wa máa ń dà díẹ̀ sínú tòní kó lè tètè kan. Èyí tó sábà máa ń ṣe ọ̀gá láàárín wọn ni wọ́n ń pè ní Lactobacillus plantarum tẹ́lẹ̀, tí orúkọ rẹ̀ ti di Lactiplantibacillus plantarum báyìí. Ìwúkàrà náà máa ń wà níbẹ̀. Ṣúgà inú ọkà ni wọ́n ń jẹ, oje kíkan ni wọ́n sì ń tú jáde. Bí kíkan náà bá ti tó, ọ̀pọ̀ nínú àwọn kòkòrò tó ń fa ìgbẹ́ gbuuru kì í lè gbilẹ̀ mọ́. Lórí òṣùwọ̀n tí àwọn onímọ̀ fi ń wọn kíkan, 7 ni omi lásán wà, ògì tó kan dáadáa a sì wálẹ̀ ju 4 lọ. Ohun tí ìka ìyá mi ń wá nìyẹn. Kíkan yìí tún máa ń tú ohun kan tó di irin àti sínkì mú nínú ọkà, kí ara lè rí wọn gbà sí i. Ní ti wàrà, àwọn kòkòrò náà máa ń jẹ lára ṣúgà inú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí nónò àwọn Fúlàní kì í fi da inú rú tó wàrà tútù fún ọ̀pọ̀ nínú wa. Ohun rere ni gbogbo èyí. Ṣùgbọ́n wò ó dáadáa: ìrànlọ́wọ́ fún oúnjẹ ni, kí ó má tètè bàjẹ́, kí ó sì ṣe ara láǹfààní. Kò sí ọdún kankan tó ń fi kún ọjọ́ orí ẹni.

Òyìnbó inú WhatsApp yẹn, ènìyàn gidi ni. Élie Metchnikoff ni orúkọ rẹ̀. Ọdún 1845 ni wọ́n bí i ní ilẹ̀ tí à ń pè ní Ukraine lónìí, ilé ìwádìí Pasteur ní Paris ló sì ti lo ìgbẹ̀yìn ayé rẹ̀. Ó gba ẹ̀bùn Nobel ní 1908 lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe nítorí wàrà kíkan. Ohun tó fi gbà á ni pé ó ṣàwárí àwọn sẹ́ẹ̀lì kan nínú ara wa tó ń gbé kòkòrò àìsàn mì. Ti wàrà kíkan jẹ́ èrò tó ní lọ́tọ̀: ó gbọ́ pé àwọn àgbẹ̀ ilẹ̀ Bulgaria tó ń mu ún máa ń dàgbà gan-an, ó wá rò pé ohun tó ń jẹrà nínú ìfun ló ń sọ ènìyàn di arúgbó, àti pé kòkòrò inú wàrà kíkan lè dá a dúró. Èrò ọlọ́gbọ́n ni, òun ló sì kọ́kọ́ mú kí ọ̀pọ̀ ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí ro ohun tí àwọn kòkòrò inú ìfun ń ṣe fún wa. Ó ń mu wàrà kíkan náà lójoojúmọ́. Ọdún 1916 ló kú, ní ẹni ọdún 71. Ìyá rẹ ti jù ú lọ.

Bí a ṣe ń ṣàṣìṣe nípa àwọn ará Bulgaria náà là ń ṣe nípa àwọn ìyá àgbà wa. A ó ní ìyá àgbà mu omidùn, wọ́n sì lo ọdún 90. A kì í rántí àwọn àbúrò wọn tó mu nínú ìkòkò kan náà tí wọn kò pé 50. A kì í rántí pé ìyá àgbà ń fẹsẹ̀ rìn lọ sóko, pé ẹ̀fọ́ àti ẹ̀wà ni wọ́n ń jẹ, pé wọn kò fi ṣúgà sí nǹkan kan, pé ilé wọn kún fún ọmọ àti ọmọọmọ. Bí a bá fa omidùn nìkan yọ nínú gbogbo èyí, a ti fún un ní iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀.

Ṣé kò sí ẹ̀rí kankan rárá ni? Ó wà, kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Ní 2021, àwọn onímọ̀ ní yunifásítì Stanford ní Amẹ́ríkà gbé ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi àgbàlagbà 36 tí ara wọn le ṣe. Wọ́n fún àwọn kan ní oúnjẹ àti ohun mímu tí wọ́n ti jẹ́ kó kan, bíi yógọ́ọ̀tì, fún ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá. Oríṣi kòkòrò rere inú ìfun wọn pọ̀ sí i, àmì mọ́kàndínlógún nínú ẹ̀jẹ̀ wọn tó máa ń fi ara wíwú ti abẹ́nú hàn, èyí tí ojú kì í rí, sì wálẹ̀. Ìròyìn ayọ̀ ni, nítorí ara wíwú tó ń jó lábẹ́lẹ̀ wà lára ohun tó máa ń mú ọjọ́ ogbó le. Ṣùgbọ́n ènìyàn 36 péré ni, ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá péré ni, ara gbogbo wọn sì le. Wọn kò fún ẹnikẹ́ni ní omidùn. Wọn kò sì ka ọdún tí ẹnikẹ́ni lò láyé. Ohun tí mo lè sọ láìpurọ́ ni pé ó ṣeé ṣe kí irú ohun mímu yìí ṣe inú láǹfààní. Mi ò lè sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó bá ń sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ fún ìyá rẹ ń fi kún ọ̀rọ̀.

Kí a tún ya àwọn ohun mímu wọ̀nyí sọ́tọ̀, torí wọ́n ti dà wọ́n pọ̀. Ṣóbò kò sí lára wọn: kíkan rẹ̀ ti inú ìṣápá fúnra rẹ̀ wá, kò sí kòkòrò kankan tó ṣe é. Ẹ̀kọ gbígbóná kan lóòótọ́, ṣùgbọ́n iná ti pa àwọn kòkòrò inú rẹ̀. Kíkan rẹ̀ ló kù, ìyẹn náà sì dára. Kúnú tí wọ́n fi jéró ṣe, apá kan nínú rẹ̀ ni wọ́n ń fi omi gbígbóná sè, wọ́n á wá da apá kejì tó wà ní tútù pọ̀ mọ́ ọn, wọ́n á sì fi sílẹ̀ di ọjọ́ kejì pẹ̀lú ata-ilẹ̀ àti kànáfùrù. Kúnú a máa tètè bàjẹ́. Tó bá ti ju ọjọ́ kan lọ láìsí fíríìjì, kí ẹ dà á nù. Èyí tí wọ́n ń gbé kiri nínú náílọ̀n àti ìgò ike ní Ọláìyá, ṣúgà ló pọ̀ jù nínú rẹ̀ nígbà mìíràn. Fún alátọ̀gbẹ, èyí nìkan tó láti ba gbogbo àǹfààní rẹ̀ jẹ́. Bí ìyá rẹ bá fẹ́ kúnú, ẹ ṣe é nílé, kí ẹ má fi ṣúgà sí i, kó sì jẹ́ ife kékeré pẹ̀lú oúnjẹ.

Ọ̀rọ̀ omi ló jẹ mí lógún jù. Omidùn tútù ni wọ́n ń mu, iná kò kàn án. Èyí túmọ̀ sí pé bí omi tí wọ́n fi ṣe é bá dọ̀tí, tí kò sì tíì kan tó, ẹ̀gbin náà ni wọ́n ń mu. Ẹni ọgbọ̀n ọdún lè yàgbẹ́ gbuuru lọ́jọ́ méjì kó sì dìde. Ẹni ọdún 72 tó ń lo òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, pàápàá èyí tó ń mú ènìyàn tọ̀, lè gbẹ láàárín ọjọ́ kan, kí kíndìnrín sì bẹ̀rẹ̀ sí yọ wọ́n lẹ́nu. Òùngbẹ kì í tètè gbẹ àgbà mọ́, nítorí náà wọn kì í mọ̀ pé omi ti tán lára. Ẹ se omi, kí ẹ jẹ́ kó tutù, òun ni kí ẹ fi fọ àgbàdo tí a rẹ nígbà ìkẹyìn, òun náà ni kí ẹ fi sẹ́ ògì. Àwọn kòkòrò tó ń mú un kan ṣì wà lára ọkà, kò ní ṣàìkan. Kí ẹ bẹ oníẹ̀rọ kó kọ́kọ́ fọ ẹ̀rọ, torí ata àti ẹ̀wà ẹlòmíì ló kọjá níbẹ̀ kó tó kan tiyín. Àmọ́ ohun kan wà tí kíkan kò lè ṣe, tí iná náà kò lè ṣe: wọn kò lè yọ ẹ̀gbin ìwakùsà kúrò nínú omi. Gbogbo wa ní Òṣogbo la ti rí bí odò Ọ̀ṣun ṣe yí àwọ̀ padà láti ìgbà tí àwọn awakùsà wúrà ti ń da ilẹ̀ rú lápá òkè odò, tí ìjọba ìpínlẹ̀ sì kìlọ̀ ní 2022 kí ará ìlú má ṣe mu omi rẹ̀. Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí odò náà jẹ́ fún ìlú yìí. Síbẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi omi rẹ̀ ṣe omidùn fún àgbà.

Bákan náà ni àgbàdo. Èyí tó bá ti bu, tí ojú rẹ̀ ń ṣe dúdú tàbí tó ní àwọ̀ ewé, ẹ má rà á nítorí pé ó pọ́ọ́kú. Májèlé kan wà tí ohun tó ń bu náà máa ń fi sílẹ̀ nínú ọkà, aflatoxin ni wọ́n ń pè é, ẹ̀dọ̀ ló máa ń bá jà. Rírẹ àti kíkan lè dín in kù díẹ̀, wọn kì í mú un tán. Sísè náà kì í pa á. Ẹ ṣà á kí ẹ tó rẹ ẹ́. Ẹ fi sínú ìkòkò tí kì í dípẹtà tàbí ìgò, kì í ṣe garawa páànù, torí kíkan máa ń jẹ páànù.

Wàyí o, ìgò tó ní egbò igi nínú. Mo mọ̀ pé láti ọjọ́ pípẹ́ ni àwọn àgbà ti ń fi omidùn rẹ agbo, mi ò sì ní pe gbogbo agbo ní májèlé. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé omidùn a máa fa nǹkan jáde lára egbò lọ́nà tó yàtọ̀ sí omi lásán, kò sí ẹni tó lè wọn ìwọ̀n rẹ̀ nínú ife, ara ẹni tó sì ti ń lo òògùn méjì ló ń gbà á. Mo rántí bàbá kan tí wọ́n gbé wá sí wọ́ọ̀dù wa, ẹni ọdún 68, tó ti ń mu agbo inú omidùn ní ìdajì ìgò láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Ọmọ rẹ̀ gbé ìgò náà dání, a ṣí i, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá. Ẹsẹ̀ bàbá wú, ìtọ̀ wọn kò tó nǹkan. Kíndìnrín wọn kò padà bọ̀ sípò bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Bóyá agbo náà ló fà á ni o, bóyá ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọn kò tọ́jú ni, kò sẹ́ni tó lè fọwọ́ sọ̀yà láàárín wa. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, ẹni tó bá ti ní ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àtọ̀gbẹ, mo máa ń bẹ̀ ẹ́ kó yọ agbo kúrò nínú omidùn. Egbò yẹn, ọmọ mi, kí ó jáde nínú ìgò.

Ẹmu Sátidé ńkọ́? Ó dùn, ìwúkàrà inú rẹ̀ sì ní fítámì díẹ̀. Bóyá ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ pé ó ń la ojú ti wá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í wo ojú tí àtọ̀gbẹ ń bàjẹ́. Ẹmu tí wọ́n dá láàárọ̀ ti ń di ọtí kó tó dé ìgboro, bó bá fi di alẹ́ ó ti le. Ara àgbà kò ní omi nínú tó ti ọ̀dọ́, ẹ̀dọ̀ rẹ̀ kò sì yára mọ́, nítorí náà ife tí kò ṣe nǹkan fún wọn ní ẹni ogójì ọdún lè mú òòyì kọ́ wọn báyìí. Ọtí àti òògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lápapọ̀ lè mú kí ojú wọn ṣú bí wọ́n bá dìde lójijì; ibi tí àgbà ti ń ṣubú tí ìbàdí ń dá nìyẹn. Àwọn òògùn àtọ̀gbẹ kan sì wà tí ọtí máa ń bá lọ́wọ́ sí i láti fa ṣúgà wálẹ̀ jù. Ṣẹ̀kẹ̀tẹ́ àti àgàdàgídì, ọ̀rọ̀ kan náà ni. Ní oṣù kìíní 2023, àjọ ìlera àgbáyé sọ ọ́ gbangba pé kò sí ìwọ̀n ọtí tí kò léwu. Ògógóró tiẹ̀ tún burú jù, torí ẹ kò lè mọ ohun tí wọ́n pò mọ́ ọn. Ní 2015, ní ìpínlẹ̀ Òndó, tòsí wa níbí, májèlé inú ògógóró pa ọ̀pọ̀ ènìyàn, ó sì fọ́ àwọn mìíràn lójú.

Ohun kan ṣì wà tí o kò béèrè, tó ṣe pàtàkì ju ẹmu lọ. O ní omidùn ni wọ́n fi ń ṣínu. Tó bá jẹ́ pé wọ́n ń lo òògùn àtọ̀gbẹ láàárọ̀, tí kò sí oúnjẹ gidi nínú ikùn, ṣúgà lè já wálẹ̀: òógùn tútù, ọwọ́ gbígbọ̀n, ọ̀rọ̀ tí kò lórí. Omidùn kì í ṣe oúnjẹ. Ògì pàápàá, ọ̀pọ̀ ohun tó ń mọ ẹran ara ti bá èérí lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́ nígbà tí a sẹ́ ẹ, ẹran ara ló sì ń fà sẹ́yìn jù lára àgbà. Ẹ̀kọ tó bá wà láìsí nǹkan kejì a máa sáré gbé ṣúgà sókè. Ẹ fi mọ́ínmọ́ín, ẹyin tàbí ẹja sí i, kí ẹ má fi ṣúgà sí i. Bó bá sì jẹ́ pé metformin, òògùn àtọ̀gbẹ kan, wà lára òògùn wọn fún ọ̀pọ̀ ọdún, tí ẹsẹ̀ wọn ń kú tipiri, ẹ béèrè àyẹ̀wò fítámì B12. Omidùn kò lè dí àlàfo yẹn.

Nítorí náà, má gba ife náà lọ́wọ́ wọn. Bí o bá gbà á, wọ́n á máa mu ún ní kọ̀rọ̀, èyí sì burú jù. Jókòó tì wọ́n, ẹ jọ ṣe omidùn náà: àgbàdo tó mọ́, omi tí a sè, kò sí egbò. Jẹ́ kí wọ́n fi ìka tọ́ ọ wò, wọ́n mọ̀ ọ́n jù ọ́ lọ. Tó bá fà bí ilá, tó ń rùn bí ohun tó ń jẹrà, tàbí tí ojú rẹ̀ di pupa, ẹ dà á nù. Ìdajì ife lẹ́yìn oúnjẹ àárọ̀ tó. Onímọ̀ oúnjẹ ni mí, n kì í ṣe dókítà wọn, mi ò lè sọ bí òògùn wọn ṣe yẹ kó rí. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ tí wọ́n bá tún ní àyẹ̀wò, gbé ìgò egbò náà dání, kí o fi han dókítà, kí o sì sọ gbogbo ohun tí wọ́n ti ń mu láti oṣù mẹ́ta, àti ẹmu náà. Bí ọjọ́ náà bá ṣì jìnnà, ẹ má dúró dè é: ẹ lọ wọn ìfúnpá àti ṣúgà wọn lọ́sẹ̀ yìí.